Àwo Ṣúgà Tí Mo Gbé Lọ sí Haifa

Amram ọmọ mi,

Ara rẹ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó dá mi sí lẹ́yìn ìyá rẹ, kó dá ìwọ náà sí, kó má jẹ́ kí èéfín Tel Aviv ba àyà rẹ jẹ́. Simha aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún ọ̀rọ̀ mi.

Ara mi le. Ewúrẹ́ funfun bí méjì. Báńkì fún mi ní nọ́ńbà àṣírí kan tí wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, ni mo bá sọ ọ́ fún gbogbo ọkùnrin tó wà nínú sínágọ́gù, kí wọ́n lè máa rán mi létí. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ńṣe ló ká ọwọ́ lérí. Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohùn rẹ ní o kò sí nítòsí. Mo ní bí o kò bá sí nítòsí, ta wá ni ń bá mi sọ̀rọ̀? O kò dá mi lóhùn. N kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Doron ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá o ní irọ́ ni. O ní Doron kì í ṣe olólùfẹ́ rẹ, pé ẹ jọ ṣe àdéhùn láti díbọ́n bí olólùfẹ́ ni, kí Simha lè yéé mú orúkọ ọkùnrin wá fún ọ. Òótọ́ ni pé nígbà tí o sọ fún mi pé o kò ní fẹ́ obìnrin, mo fi oṣù mẹ́ta dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé mo ti sin ìyá rẹ, n kò ní ẹlòmíràn tí mo lè pàdánù. Mo bá ní kí àwọn ará abúlé bá ọ wá ọkùnrin gidi. Kí ló burú níbẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n Simha, dókítà eyín yẹn, kì í ṣe èèyàn burúkú, àwọn méjì tó fi dókítà náà sílẹ̀ ló jẹ̀bi. Simha ló ní kí n fi ìyẹn sí i.

Ṣùgbọ́n irọ́ wo lẹ ń pè ní irọ́? Ìwọ apòògùn, tí o ń to ìgò bí ẹni ń to ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ọ láti àárọ̀ dalẹ́. Òun, alága ibi ìgbéyàwó, bá ewúrẹ́ mi sọ̀rọ̀ títí ó fi sú ewúrẹ́. Nígbà tí o mú un wá sílé wa fún Mimuna, àsè tí a fi ń parí Ìrékọjá, ó mú mufleta, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa yẹn, nínú àwo rẹ, oyin ń kán sí ọ láṣọ. Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí èmi bàbá rẹ fọwọ́ kan ṣíbí rẹ, ńṣe lo ti àwo náà sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì mo wà lágbo ewúrẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé, mo gbé igi, mo rò pé olè ni. Ìwọ ni. Ọdún mẹ́fà ni n kò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

O wá ní Doron ń lọ sí Berlin lọ́jọ́ Àìkú, pé kí n gbàgbé rẹ̀. N kò gbàgbé rẹ̀ o.

Mo ra òkìtì ṣúgà, mo ra làálì àti dàbínù, mo tò ó sínú àwo ìyá rẹ, bí bàbá mi ṣe tò ó nígbà tó ń lọ tọrọ ìyá rẹ fún mi. Simha ní ilé ta ló yẹ kó gbé àwo, nígbà tí kò sí ìyàwó nínú ẹ̀yin méjèèjì? Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Haifa. Ó dá mi lójú pé ilé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ló yẹ kó gbé e.

Ofra, ìyá Doron, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo àwo, ó ní Baba ẹ jọ̀ọ́, àwa kì í ra ọjà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní n kì í ta ṣúgà, ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Ó ní ọmọ òun wo? Mo ní èyí tó ń pariwo. Ó ní hàà, ilé tí ẹ ń wá nìyí, ẹ wọlé. Kò mọ irọ́ yín, kò mọ òótọ́ yín. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó ti tó oṣù méje tí Doron ti ń ka orúkọ oògùn fún òun lórí fóònù, òun ti rò pé àìsàn ńlá kan ló ń ṣe é.

Ó pe Doron, ó fi fóònù sí mi létí, mo sì ro ohun tí mo bá wá. Mo rò pé fóònù ti kú, mo gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá Doron tó ń pariwo yẹn fi ohùn tín-ín-rín bi mí pé, Baba, ṣé Amram ló rán yín?

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. N kò parọ́ fún ìyá rẹ rí, àní lọ́jọ́ tó bi mí lórí ibùsùn bóyá òun á yè. Mo sọ òótọ́ fún un, ó sì ń dùn mí títí dòní. Mo wá dá Doron lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Amram ló rán mi.

Ó sunkún. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ wá sọ ọ́, òun á dúró dè ọ́ nílé rẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Nítorí náà, dìde. Simha ní òun á ti lẹ́tà yìí sínú fóònù, pé á dé ọ̀dọ̀ rẹ kí òun tó tilẹ̀kùn. Mo ní kó kọ́kọ́ ká a dáadáa kó lè gba ibẹ̀. Fi igba ṣékélì ránṣẹ́ sí mi, bàtà tí mo wọ̀ lọ sí Haifa ti ṣí nísàlẹ̀, n kò lè fi í jó níbi ìgbéyàwó. Bí o kò bá lọ bá a, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́, n kò ní ibì kankan tí mò ń rìn lọ mọ́.

Ọlọ́run á là ọ́ lóhùn. Yóò fi ẹni tí ẹ ó jọ dàgbà sílé rẹ, ilé rẹ kò ní dákẹ́ bíi tèmi. Má jẹ́ kí n kú ní òpùrọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Makhluf