Ìlú Tí Ojú Èèyàn Kì Í Hàn

Sí ọmọ mi, arìnrìn-àjò àgbáyé,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé bàtà kò ta ọ́ lẹ́sẹ̀? Ọlọ́run tó jí ọ lónìí kò ní jẹ́ kó o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Tó o bá ti ṣe àmín tán, jókòó dáadáa, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì ní í fi pa mọ́.

Ara wa le nílé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Eékún wọn ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ bí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé báyìí, eékún náà á san lójú ẹsẹ̀, wọ́n á dìde lọ sójú fèrèsé, wọ́n á wo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á padà wá jókòó, eékún á tún bẹ̀rẹ̀. Yàrá rẹ tí mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn nígbà tó o ní ò ń bọ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀dà náà ti ń ṣí. Maṣíìnì mi ń ránṣọ, ó kàn ń dún kíún-kíún bí ẹni tó ń ráhùn ni, èmi àti òun la sì jọ ń ráhùn ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn bánkì náà kí mi kú ọjọ́ ìbí. Bẹ́ẹ̀ ni, bánkì! Wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù kékeré mi, wọ́n pè mí ní ẹni ọ̀wọ́n, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo ní kó bá mi wá a, pé èèyàn rere ni, nítorí ọmọ tí mo fi ọmú mi bọ́ kò rántí ọjọ́ náà.

Jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀. Mò ń ṣẹ́tí aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gbé fóònù ńlá rẹ̀ wọlé, ó ní Màmá, ọmọ yín ránṣẹ́ o. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Ọkàn mi sọ fún mi pé o ti ń bọ̀ wálé. Ó wá kà á pé ibi iṣẹ́ rẹ ti fún ọ láyè ìsinmi, àyè tó o ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta pé wọn ò fún ọ ni o, àti pé lóṣù tó ń bọ̀ o máa lo ọjọ́ mẹ́rin ní olú-ìlú kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kó o lọ wo ìlú. Kí n gbàdúrà fún ọ. Kí n sì bá ọ wo ètò ìrìn-àjò náà bóyá o gbàgbé nǹkan kan.

Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà. Mo bi í pé ta lo mọ̀ níbẹ̀. Ó ní kò jọ pé o mọ ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé wọ́n bímọ ni àbí ẹnìkan ló kú. Ó ní rárá, o kàn fẹ́ lọ wò ó ni. Háà! Ọmọ tí mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán níwèé fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú kọjá òkun, kó lọ wo ìlú onílùú, kó wò ó tán, kó palẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀. Tó o bá wò ó tán, kí ló fẹ́ dà? Ṣé o fẹ́ rà á ni?

Bàbá rẹ ní tiwọn ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ wọn ń lọ sí Amẹ́ríkà. Mo ní Amẹ́ríkà wo? Káfíńtà ní ti ìsàlẹ̀ ni. Kò pẹ́ ló tún ní orí òkè ni ìlú náà wà, pé ó ga débi tí èémí kì í tó èèyàn í mí. Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀, tó tún wà lórí òkè! Mi ò bá wọn jiyàn, ìlú wọn ni.

O ní kí n wo ètò rẹ, mo ti wò ó. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ àkọ́kọ́, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì lo máa jókòó sí títí èémí rẹ á fi bá ọ débẹ̀. Ìyẹn ni pé o máa fi owó gọbọi gbéra lọ síbi tó o ti máa sinmi ìgbéra tó o gbéra. Àwa tá a wà nílé, ọ̀fẹ́ là ń mí. O tún ń yọ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì náà dára, pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti sùn níbẹ̀ tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibùsùn rẹ̀ dùn ún sùn. Ẹgbẹ̀rún èèyàn! Lórí ibùsùn kan! Ìwọ tó jẹ́ pé ní kékeré, bí àbúrò rẹ bá fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì rẹ lásán, ariwo ni.

O ti ra ìwé ọkọ̀ àbọ̀ pọ̀ mọ́ tàlọ. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì mọ̀ bóyá ó máa dùn, o ti ń sá bọ̀. Ìwé kan tún wà tó o sanwó lé lórí nítorí bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́hùn-ún, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, o sì fi orúkọ mi síbi tí wọ́n ti ní kó o kọ ẹni tí wọ́n máa pè. A jẹ́ pé bí nǹkan kan ò bá ṣe ọ́, kò sẹ́ni tó máa pè mí. Mo dúpẹ́ o. Orúkọ ìyá ẹni, ọjọ́ àgbákò ló wúlò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọkùnrin tí wọ́n ní ó máa dúró dè ọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tó máa gbé pátákó dání, tí orúkọ rẹ wà lára ẹ̀. O sanwó fún un kó lè mú ọ rìn káàkiri. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ló ń kọ orúkọ rẹ sí pátákó kó tó lè kí ọ káàbọ̀, o sì ka ìyẹn sí iyì. Àti àpótí tí wọ́n ní wọ́n máa gbé ọ sí, tí wọ́n á so kọ́ wáyà, tí wọ́n á máa fà ọ́ lọ lórí òrùlé olórùlé bí aṣọ tí wọ́n sá, èmi aránṣọ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí: mi ò tíì rí okùn tí kì í já.

Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi kọ̀wé yìí ṣì ń bọ̀. Káfíńtà ní òun lè mú mi dé ìlú náà lórí ìjókòó mi. Ó tẹ ohun tó ń pè ní máàpù lórí fóònù, mo sì bá ara mi ní àdúgbò wọn lóòótọ́, ojú ọ̀nà olókùúta tóóró, tó ń gòkè, àwọn ilẹ̀kùn aláwọ̀ oríṣiríṣi. Obìnrin kan dúró níwájú yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń sá aṣọ pupa kan. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo gbé ohùn sókè, mo tún kí i, kò wojú mi. Mo ní bóyá ó ń bínú ni. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí káfíńtà mú mi padà lọ kí n wo bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀. Aṣọ pupa kan náà ló ṣì ń sá! Ọjọ́ kẹta, kò tíì sá a tán. Ọ̀lẹ gbáà! Aṣọ ọ̀hún, etí rẹ̀ tún ti tú.

Mo wá fara balẹ̀ wo àwọn èèyàn ìsàlẹ̀. Ọmọ mi, kò sí ojú lójú wọn. Bàìbàì ni gbogbo wọn rí, bí ẹni tí wọ́n fi àkísà tútù nu ojú rẹ̀ nù. Oníbúrẹ́dì, bàbá arúgbó tó ń fa ajá, àwọn ọmọdé tó ń lọ síléèwé, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù. Ajá yẹn nìkan ni ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Káfíńtà ní àwọn tó ya ìlú náà sórí fóònù ló nù ún kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ta ló máa wà nílùú ara rẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀? Afẹ́fẹ́ òkè yẹn ló ń jẹ ojú wọn, ìwọ sì fẹ́ gbé tìrẹ lọ síbẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́rin.

Bàbá rẹ tó ti jókòó tì wá láti àárọ̀ wá ní kí káfíńtà mú fóònù náà dé ilé tiwa. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gba títì ńlá, ó kọjá ilé epo, ó dé ìkóríta tí wẹ́dà wà, ó dúró. Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ mọ́. Ó ní ibi tí fóònù mọ̀ mọ nìyẹn. Bàbá rẹ dìde, wọ́n lọ sójú fèrèsé.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé o ò fẹ́ wálé, mi ò mọ̀ pé fóònù rẹ ni kò mọ ọ̀nà. Ìwọ náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀! Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ mọ ọ̀nà yìí kí fóònù tó dáyé, ó ń gbà á lọ síléèwé, ó ń gbà á bọ̀, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tó o gbàgbé nínú ètò rẹ. Mi ò ní kó o má lọ. Lọ wo òkè wọn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wálé kí n wo ojú rẹ dáadáa nígbà tó ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó o yà ránṣẹ́ sórí fóònù káfíńtà, òun náà ti ń ṣe bàìbàì. Bàbá rẹ ní ìwọ ni, mo ní mi ò mọ̀. Tó o bá dé ọ̀hún tí ojú náà wá sọ nù, irú èwo la máa ní a ń wá?

Fi owó ránṣẹ́ kó o tó gbéra. Bẹ́líìtì maṣíìnì ti gbó, oògùn eékún bàbá rẹ ti tán, káfíńtà sì ní ibi tí mo ti ń lọ kí obìnrin aláṣọ pupa yẹn ni gbogbo dátà òun ti tán. Ohun tó ń jẹ́ dátà ò yé mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ ẹ́. Iye tó o fẹ́ san fún ọkùnrin onípátákó, fi iye yẹn náà kún un, nítorí èmi ni màá mú ọ rìn láti ìkóríta dé ilé, màá sì máa fi hàn ọ́ pé ibí lo ti ṣubú, ibí lẹrẹ̀ ti gba bàtà rẹ kan. Ìyẹn náà ìran ni.

Ọlọ́run á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀. O ò ní í pàdé aburú. Ojú tó o gbé lọ lo máa gbé bọ̀, láṣẹ Ọlọ́run.

Mo ti gé aṣọ funfun kan, mo sì ti fi ìgékù aṣọ iléèwé rẹ rán lẹ́tà gàdàgbà sí i lára. Òun ni màá gbé dání ní ìkóríta níbi tí fóònù dúró sí. ỌMỌ MI ni mo kọ, mi ò kọ orúkọ. Káfíńtà ní gbogbo ọmọ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ló lè rò pé òun ni. Mo ní ẹni tó bá kà á tí kò dúró, kì í ṣe òun ni mò ń dúró dè.

Èmi ni ìyá rẹ. Ojú tèmi ṣì hàn. Wá wò ó.