Arógunmásàá Kò Kú ní Lálúpọn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Pa Elijah Àlàó Fátókun (1944–2025)

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, ìjì ká òrùlé agbo ilé Fátókun lọ ní Erúnmu, ní àgbègbè Ẹgbẹ́dà. Abẹ́ igi kòkó ni wọ́n sá gbé aboyún ilé lọ, ibẹ̀ ni a sì bí Elijah Àlàó sí. Josiah Fátókun, àgbẹ̀ oníkòkó àti ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ni bàbá wọn. Àbẹ̀ní, tó ń din gàrí tà, ni ìyá wọn.

Ní ọdún 1955, ìwé kẹrin ni Elijah wà nígbà tí ejò bu bàbá wọn ṣán lóko. Bàbá náà dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ojú títì. Ilé-ìwé parí síbẹ̀. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ló kù fún Elijah. Ọjọ́ tí ìyá wọn bá fọ̀ ọ́, wọn kì í jáde.

Ní ọdún 1962, wọ́n di agbẹ́rù lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gbé sinimá kiri láti Ìbàdàn. Ilé-ìwé alẹ́ ni wọ́n ti parí ìwé wọn. Nígbà tí ọ̀gá wọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1969, Bàbá Elijah ra ẹ̀rọ sinimá, jẹnẹrétọ̀, aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ àti fíìmù kaboi kan.

Nínú fíìmù náà, arúgbó kan gun ẹṣin wọ ìlú tó ti gbà sílẹ̀ rí lọ́wọ́ ọlọ́ṣà. Ó bá ojú irin níbẹ̀, ó bá ọlọ́pàá, ó bá báńkì. Kò sẹ́ni tó ń wá a mọ́. Gẹ̀ẹ́sì imú ni wọ́n ń sọ, nítorí náà Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, wọ́n ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún èrò. Bàbá fúnra wọn ló sọ arúgbó náà ní Arógunmásàá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, wọ́n fi fíìmù náà han Lálúpọn títí dé òpin. Ní róòlù ìkẹyìn, ọmọdékùnrin kan yìnbọn pa Arógunmásàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbà gbé iṣu àti àkùkọ wá kí Bàbá kú ará-fẹ́ra-kù. Màmá Fàtímọ̀, ẹlẹ́kọ ibùdó rélùwéè, ló ṣáájú wọn.

“Elijah, ọmọdé yìnbọn fún àgbà, o sì tanná sí i kí gbogbo wa lè rí i?”

“Màmá, fíìmù lásán ni.”

“Fíìmù ni. Ojú wa tó rí i ńkọ́? Ìwọ tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹ, kí ló dé tí o ò pa iná ẹ̀?”

Ẹnìkan pariwo lẹ́yìn pé, “Ẹṣin ẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n pín in fún?”

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò fi róòlù ìkẹyìn sínú ẹ̀rọ mọ́. Wọn á pa iná, wọn á fi ẹnu sọ ìyókù: ọmọdé náà rí ewú orí àgbà, ó ju ìbọn sílẹ̀, ó di ìjánu ẹṣin mú, Arógunmásàá sọ̀ kalẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀, wọ́n fún un lómi mu. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo abúlé láti Akínyẹlé títí dé Ọ̀nà-Àrà ṣe mọ ìtàn náà.

Ní ọdún 1974, wọ́n gbé Mùjíbátù, ọmọ Màmá Fàtímọ̀ yìí kan náà, níyàwó. Bàbá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó wọn ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1979, èéyi mú àkọ́bí wọn lọ. Bàbá kò gbé ẹ̀rọ jáde títí ọdún náà fi parí.

Nígbà tí fídíò dé ní ọdún 1987, èrò lọ síbẹ̀. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí Lálúpọn, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìlọgàrí ṣe, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ tún afárá odò ṣe lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì di bàbá ìjọ.

Ní Àjíǹde ọdún 2025, Ọlámipọ̀sí, ọmọ ọmọ wọn, rí fíìmù náà lórí fóònù.

“Bàbá àgbà, wọ́n pa á o! Ẹ ti fi gbogbo Lálúpọn ṣeré!”

“Ta ló pa á? Nílùú wo?”

“Nínú fóònù yìí náà ni.”

“Ẹjọ́ fóònù nìyẹn. Ní Lálúpọn, wọ́n fún un lómi, ó mu.”

Ọjọ́ náà ni Bàbá pinnu láti fi fíìmù náà hàn lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú fóònù. Bàbá kọ̀: bí èrò kò bá jókòó, ta ni wọn yóò sọ ọ́ fún? Wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n fọ aṣọ funfun, wọ́n fi sítáàṣì sí i. Ní ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, wọ́n ti ìsìn dé, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n sì sùn lọ.

Ìyàwó wọn, Alhaja Mùjíbátù, gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Olúfúnmi, Múyì àti Olúyínká, àti àwọn ọmọ ọmọ: Ọlámipọ̀sí, Olúwatóbilọ́ba àti Sharon.

Ẹ sùn re, Àlàó ọmọ Fátókun. Kí Ọlọ́run fún yín lómi tútù níbi tí ẹ sọ̀ sí.

Ẹ̀rọ náà wà. Aṣọ funfun wà. Róòlù ìkẹyìn wà nínú agolo rẹ̀. Ohùn tí kì í jẹ́ kí Arógunmásàá kú ni kò sí mọ́.