Nítorí Ẹ̀kọ́ Ganiyat Ni N Ò Ṣe Wálé Mọ́

                                        Yarnton Way,
                                        Thamesmead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ṣàmsúdéènì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Àsàláámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ojú rẹ̀ tó ń ṣomi ti san? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ṣé ara wọn le? Òjò ńkọ́ lọ́dọ̀ yín? Mo gbọ́ pé àgbàdo àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí san án fún yín. Ní tèmi, mo dúpẹ́. Ìbàdí tí mo fi ṣubú nígbà òtútù ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń wọlé, ẹnu mi sì ṣì mú bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Tawfiq ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn án. Kí Medinat ọmọ rẹ kà á fún ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ni pé n kò bọ̀ nílé mọ́. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù lóṣù Keje, mo ní kí o wá ẹni tí yóò fi páànù tuntun bo yàrá mi, kí n lè dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Má bínú. Bí o bá ti bò ó, máa kó àgbàdo síbẹ̀. Bí o kò bá tíì bò ó, fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

O rántí Ganiyat, ìyàwó Tawfiq, ọmọ Ìbàdàn tó máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kí ọ lórí fóònù. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Woolwich, ṣùgbọ́n tíṣà ló wù ú láti ṣe láti kékeré. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, tí àgbàlagbà náà lè wọ̀. Á ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, á wẹ̀, á gbé báàgì, á tún jáde. Àìmọye ìgbà ni mo bá a níbi tó ti sùn lọ sórí tábìlì ilé ìdáná, tí ìrẹsì ń jóná lọ́wọ́. Nígbà tó parí, yunifásítì kan gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé wọ́n ní àwọn á ka ohun tó ti kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ ọn lọ́wọ́, pé ọdún kejì ni yóò bọ́ sí tààrà. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó na fóònù sí mi bí ẹni pé mo lè kà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣàdúà fún un títí ẹnu fi rẹ̀ mí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń lọ yunifásítì, kò rí bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jẹ́ ọ̀sán ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì wà tí wọ́n á rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé láti lọ fi ojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ó sì gbọ́dọ̀ tètè jáde nílé. Tawfiq ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìdájí ni wọ́n ń fẹ́ ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi kò sì lè dá wọ balùwẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Tawfiq ló máa ń wẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé, Ganiyat á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀, á gbé àga sí i, á wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa bá mi sọ̀rọ̀ kó lè tètè mọ̀ bí mo bá yọ̀. Ibi tí ọwọ́ mi bá dé ni mo ń fọ̀. Ẹ̀yìn mi á dúró de Tawfiq.

Tawfiq wá ní kí a sọ fún ìjọba àdúgbò kí wọ́n máa rán olùtọ́jú kan sí mi láràárọ̀. Mo ní rárá. Mo ní ẹni tí n kò mọ bàbá rẹ̀ kò ní bọ́ aṣọ lára mi. O mọ̀ mí, ìwọ tí a jọ bá ara wa yodì fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta gbáko nítorí ààlà oko tí kò fẹ̀ ju ebè méjì lọ. Tawfiq bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó tún bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní, "Bàámi, àbí ẹ ò fẹ́ kí obìnrin yìí lọ ni?" Ó fẹ́ fo ibẹ̀ báyìí, mo ní kó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti wálé. Mo rò ó pé bí n kò bá ti sí nínú ilé, kò sí ẹni tí Ganiyat yóò máa dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún, á lè máa lọ síbi tó ń lọ. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi gan-an.

Ganiyat gbọ́. Ó gbé àwo kúrò níwájú mi, ó lọ fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó wá kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí yunifásítì pé òun kò wá mọ́, pé ọjọ́ Ẹtì ni ìfèsì òun gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣebí mo ti ní mò ń lọ."

Ó ní, "Dádì, tẹ́ ẹ bá délé, tí wọ́n bi yín pé kí lẹ wá ṣe, kí lẹ máa sọ?"

"Màá ní ilé ló ń wù mí."

"Pẹ̀lú ìbàdí yín yẹn? Ta ló máa gbà yín gbọ́? Wọ́n á ní ìyàwó Tawfiq ló lé bàbá ọkọ ẹ̀ jáde torí ó fẹ́ lọ kàwé. Ìyá mi á gbọ́ n'Ìbàdàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ láti kọ́ wọn, nǹkan tí màá máa rántí nìyẹn. N ò lè ṣe é, Dádì."

Ṣàmsúdéènì, n kò ro ọ̀rọ̀ náà débẹ̀ rárá. Ìwọ náà wò ó. Bí bàbá kan bá ti òkè òkun dé sí abúlé wa lónìí, tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, kí ni àwa tí a bá jókòó lábẹ́ igi ọsàn yóò sọ nípa ìyàwó ọmọ rẹ̀? Kó tó jókòó ni a ó ti sọ ọ́.

Ìbínú ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní alágídí ọmọ ni. Ó ní, "Inú ilé yìí ni mo ti kọ́ ọ, Dádì." Tawfiq bú sẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná, mo ní kó panu mọ́.

Ó wá ń sọ fún mi nípa bàbá òyìnbó kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà ayé rẹ̀. Òun ló máa ń wẹ̀ fún bàbá náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàbá yìí á di aṣọ rẹ̀ mú pinpin, kò ní dá a lóhùn. Ní báyìí, bí Ganiyat kò bá wá, á máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ rò pé mo ti fojú tín-ín-rín wò ó rí? Bàbá ẹnì kan ni. Tí mo bá ń da omi sí i lẹ́yìn, ẹ̀yin ni mo máa ń rò."

Ó dìde, ó lọ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sójú wíńdò, mo ń wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kọjá, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ rẹ. Mo rántí odò ẹ̀yìn oko bàbá mi, nígbà tí a bá ṣe àáró tán, tí erùpẹ̀ ti bo gbogbo ara wa, tí o máa ń fi kànrìnkàn gbo ẹ̀yìn mi títí màá fi pariwo, tí èmi náà á sì gbẹ̀san lára tìrẹ. Ojú kò ti èyíkéyìí nínú wa. O ṣe tèmi lónìí, mo ṣe tìrẹ lọ́la. Ibẹ̀ ni ohun tó ń dùn mí gan-an ti yé mi. Ó ń dùn mí kí ẹnì kan máa ṣe fún mi lójoojúmọ́, kí n má sì ní nǹkan kan tí màá ṣe padà.

Mo pe Tawfiq, mo ní kó lọ sọ fún ìjọba àdúgbò kí wọ́n rán ẹni náà wá, kí Ganiyat sì fèsì pé òun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní èmi àti ẹni náà á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Isaac ni wọ́n rán wá, ọmọ Èkó, ọkùnrin tó ti ń hewú, Kìrìsìtẹ́nì tó máa ń gbàdúrà kíkankíkan. Mo bi í pé ta ni bàbá rẹ̀. Ó kà wọ́n fún mi dórí bàbá bàbá rẹ̀ àgbà. Mo ní kí ni màá máa fún un. Ó ní iṣẹ́ àwọn kò gba kí àwọn gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí àwọn ń tọ́jú, ìbáà ṣe bísíkíìtì. Mo ní bí kò bá ní gba nǹkan, kó máa lọ. Ó wò mí, ó họrí, ó wá ní òun gbin ilá sínú korobá nílé òun, ewé rẹ̀ ń pọ́n, òun kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní, "Ìmọ̀ràn kì í ṣe bísíkíìtì, Dádì." Ó fi àwòrán ilá náà hàn mí nínú fóònù. Ilá burúkú gbáà ni. Omi ló fi ń pa á. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó máa ń kọrin ìjọ rẹ̀ bó bá ń po omi. Mo bi í bóyá ó fẹ́ fi ọgbọ́n sọ mí di ọmọ ìjọ ni. Ó ní kí n fara balẹ̀, ìwẹ̀ lásán ni a ṣì ń wẹ̀, kò tíì kan ìrìbọmi.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ganiyat bẹ̀rẹ̀. Ó ti ra bàtà tuntun. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣàdúà fún un, mo sì wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú Isaac. A gbọ́ tó jáde. Ó tún padà, ó ní oògùn mi wà lórí firíìjì. Ó jáde, ó tún padà, ó ní kí Isaac má jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ganiyat, bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè ẹ́ o."

Ó ní, "Ṣé kò séwu, Dádì?"

Mo ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Wọ́n ń retí ẹ."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn ìta sì pa dé. Isaac rọra ní, "Dádì, ẹ yí ẹ̀yìn yín síbí." Mo sì yí i sí i.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí Lèmọ́ọ̀mù àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí n kò wá mọ́, sọ fún wọn pé ìyàwó ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní yunifásítì, pé èmi ni mo ní kó lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ,

Teslim, Bàbá Tawfiq.