Mo Kí Odò Kí N Tó Pọnmi

Ọjọ́ Àìkú, 1983

Ó rẹ̀ mí. Ìsìn àárọ̀ gùn. Mo kọrin, mo kúnlẹ̀, àmọ́ àdúrà kankan ò ti ọkàn mi wá.

Lọ́sàn-án, mo bá ìyá ọkọ mi lọ sóko wọn ní Owódé. Màmá kì í pọnmi láìkọ́kọ́ kí odò. Èmi ìyàwó àlùfáà máa ń dákẹ́ ni. Lónìí, bí mo ṣe fẹ́ ti korobá bọ omi, ẹnu mi kàn sọ pé, "Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n bù díẹ̀." Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Màmá ní, "Ta lò ń kí, ìyàwó?"

Mi ò lè sọ pé kò sẹ́nì kankan.

Ọkọ mi ò tíì gbọ́. Nírọ̀lẹ́ yìí, ó ní kí n darí àdúrà. Mo dijú, odò yẹn ni mo rí, àdúrà sì wá fúnra rẹ̀.