Pátákó Ìgbì Tí Mo Gbẹ́ Fún Ọ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé ọkàn sì balẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí yóò bà wá nínú jẹ́ nípa rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Òrùlé ìsọ̀ mi ṣì ń jò, ṣùgbọ́n kò jò dé orí iṣẹ́ rẹ.

Àwòrán pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun, tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ti dé. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú fóònù, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mo ní báwo ni ọmọ tó ga tó ìwọ ṣe fẹ́ gun èyí, ìyá rẹ ló ní kí n ka ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo rí kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín rẹ̀ kọjá, mo ní ibẹ̀ ni wàá fi àyà lé, mo bá ń fá a díẹ̀díẹ̀ kó má baà ha ọ́ lára. Mo rí lẹbẹ mẹ́ta bíi ti ẹja, mo ní ìyẹn ni wàá dì mú bí ìgbì bá dé, mo kàn wọ́n síwájú níbi tí ọwọ́ rẹ lè tó. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Àfi bí apẹja àdúgbò wa, tó ti ṣiṣẹ́ létí òkun rí, ṣe yà sọ́dọ̀ mi, tó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ikùn pátákó ni wọ́n kọ sókè nínú àwòrán, pé omi ló ń gba inú kòtò yẹn kọjá, pé ìsàlẹ̀ nídìí ni lẹbẹ ń wà, kí pátákó má baà yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í pé kí ni ọmọ mi yóò wá dì mú. Ó ní kò sí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, nítorí òun ló gbé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ jáde nínú odò.

Mo ti yọ àwọn lẹbẹ náà, mo tún wọn kàn sí ìdí, lójú kan náà tí kòtò wà, ọ̀kan láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá; àmọ́ n kò ní kí o má lọ, nítorí n kò fẹ́ kí o gun èyí tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ gbẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ gbé e wá. N kò ní pariwo orúkọ rẹ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Etí omi ni n ó jókòó sí títí o ó fi jáde.

Wàá wọ omi náà, wàá sì jáde, lágbára Ọlọ́run.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.