Ebi Tí Mo Kà Sí Ọ Lọ́rùn

Ìlọrà,
Ọjọ́ Ajé.

Fàsílátù, ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé, bí o bá tiẹ̀ kà á, o lè ní ó ti pẹ́ jù. Mo pe fóònù rẹ títí, o ò gbé e, n kò sì dá ọ lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìyàwó mi, ṣé àlàáfíà ni o wà? Aaliyah ọmọ wa ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń wú ti lọ? Mo kí bàbá àti ìyá rẹ kú ìtọ́jú yín. Ọlọ́run Ọba yóò bá wa ṣọ́ gbogbo yín. Àwa náà wà láàyè níhìn-ín. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Uthman lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Uthman ọkọ rẹ á ti sọ fún ọ pé ara wọn kò yá, ṣùgbọ́n òun gan-an kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, torí ojú tì mí láti sọ fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, òòyì kọ́ wọn, wọ́n sì bì. Ohun tí wọ́n bì dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àgbo. Ẹ̀jẹ̀ ni. A sáré gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fa àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta sí wọn lára.

O rántí bó ṣe máa ń ṣe wọ́n. Á máa jó wọn lábẹ́ igbá àyà, bí ẹni pé nǹkan ń họ wọ́n nínú. Bí wọ́n bá jẹun, á fúyẹ́; tó bá di bíi wákàtí méjì, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdájí ló ń le jù. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá yìí ni mo jókòó rò ó pé ohun tí oúnjẹ ń pa, ebi ló bí i. Ta ló ń dáná nílé? Fàsílátù. Èmi sì rèé, ọjà Fìdítì ni mo máa ń wà, n kì í sí nílé tí wọ́n bá ń jẹun.

O sọ fún mi pé, "Màámi, wọ́n jẹun tán kí n tó kó abọ́." Mo ní irọ́ ni. Ìwọ náà lo pè mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, ìgbẹ́ bàbá dúdú bí ọ̀dà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ ṣe àyẹ̀wò." Mo ní ẹ̀fọ́ ni wọ́n jẹ, pé kí ẹni tí kì í gbé oúnjẹ sílẹ̀ lásìkò yéé yẹ ìgbẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ ni ìgbẹ́ dúdú yẹn, Fàsílátù. Ìwọ nìkan lo rí i. Èmi wá lọ dúró ní ìpàdé àsàlátù, mo sọ lójú gbogbo obìnrin àdúgbò pé ìyàwó ọmọ mi fẹ́ fi ebi pa ọkọ mi. Ọjọ́ kejì lo kó ẹrù rẹ lọ sílé àwọn òbí rẹ.

Wọ́n ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí sí bàbá lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì rí egbò kan níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré báyìí, wá bi wá pé, "Ta ló ń fún bàbá lóògùn ara ríro?" Èmi ni mo ṣí pọ́ọ̀sì mi, tí mo kó o jáde: funfun méjì, pupa kan, tí mo ń rà ní kẹ́mísì fún orúnkún wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fi í lé wọn lọ́wọ́ ní ìdájí kí wọ́n tó lọ sóko, lórí ikùn òfìfo. Mo pè é ní ìtọ́jú.

Dókítà ní oògùn yẹn ló ń bó awọ tó bo inú, tí omi kíkan inú fi ń jẹ ẹran ara. Ó ní wọ́n tún rí kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tó lè ti wọlé látinú omi tàbí oúnjẹ tí kò mọ́ láti kékeré. Àwọn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀. Mo ní, "Ebi ńkọ́? Ata ńkọ́?" Ó ní wọ́n lè mú kó dunni, wọn kì í dá egbò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Bàbá ti ń lo oògùn kòkòrò náà àti èyí tó ń dín omi kíkan kù, ara sì ń mókun díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo ní n ó kọ̀wé sí ọ, bàbá ní, "Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń jẹun. Ó yẹ kí n ti wí pé ebi kò pa mí." Ó dùn wọ́n pé àwọn dákẹ́.

Lánàá, mo dìde ní àsàlátù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ummu-Salamah ọ̀rẹ́ mi, o mọ ẹnu rẹ̀, fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìwọ dókítà wa, àwa tí o ń há oògùn orúnkún fún náà ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù.

Jọ̀wọ́, ìwọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo rántí pé o máa ń di inú mú, mo sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Dókítà ní kòkòrò yẹn lè ran ará ilé.

N kò ní kí o padà wá nítorí mi. Mo fẹ́ wá sí Ìware, kí n kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ já wọlé yín láìgbàyè. Ọlọ́run á dá Aaliyah sí, á sì fún un ní àbúrò ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá di ìyá ọkọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ẹnu rẹ sọ ohun tí o kò mọ̀.

Èmi ni ìyá ọkọ rẹ, tó ṣì fẹ́ jẹ́ ìyá rẹ,
Ìyá Uthman.

Àfikún: Yúnúsà awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò tún kọjá ní Ìware lọ́jọ́bọ̀. Jọ̀wọ́, fi èsì rán an. Ìlà kan tó: kọ ọjọ́ tí o fẹ́ kí n wá. Bó bá sì jẹ́ pé kí n má wá ni, n ó gbà. Ṣáà kọ ọ́ sí mi.