Àgùntàn tí Murdo Ń Wá

Torquil àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Dunedin. Orúnkún tuntun tí wọ́n fi sí mi ń gbọ́ràn ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lọ.

Nítorí ẹ ní n kò lè dá gbé ibí mọ́, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé wa lánàá láti dán ara mi wò. Murdo aládùúgbò wa ń tẹ̀ lé mi nínú irà, ó ní òun ń wá àgùntàn tó sọnù. Tí mo bá dúró láti mí, òun náà á dúró. Láti orí òkè, mo rí gbogbo àgùntàn rẹ̀ nínú ọgbà nísàlẹ̀.

“Murdo, àgùntàn rẹ mà pé!”

“Èyí tó lágídí jù kò sí níbẹ̀, Tíṣà.”

Ẹ ṣeun fún yàrá tí ẹ tún ṣe dè mí, ṣùgbọ́n ibí ni n ó máa gbé. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́ sí Murdo, irà ti ba tirẹ̀ jẹ́. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín bí Murdo ṣe ṣọ́ mi, láìjẹ́ kó hàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Marsaili